Àbúrò mi ní oṣù mẹ́jọ ni Paul George fi padà, òun náà á padà lóṣù mẹ́jọ. Ṣé ó ṣeé ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, físíò wa. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ béèrè nípa ẹ̀. Básíkẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ tó ń ṣe, kíláàbù ló ń sanwó fún un, ọmọ ọdún 23 ni. Ó fò sókè nínú géèmù, ó já bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíì, egungun ojúgun ẹ̀ méjèèjì dá lápá ọ̀tún. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n ki ọ̀pá irin bọ inú egungun náà. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ní X-ray ẹ̀ dáa, pé egungun ń so, kó máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Físíò tó ń tọ́jú ẹ̀ ní tiẹ̀ ò gbà kó fò rárá. Ọmọ náà wá ń bínú, ó ní wọ́n ń fi òun falẹ̀, ó ní Paul George, agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì NBA, ìyẹn líìgì ńlá ti Amẹ́ríkà, tí tiẹ̀ burú ju tòun lọ, oṣù mẹ́jọ ló fi padà. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Ó tún ní iwájú orúnkún ń dun òun, pé tóun bá kúnlẹ̀ ó ń ṣe òun bíi pé ọ̀pá yẹn fẹ́ yọ jáde. Ṣé wọ́n máa yọ ọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ẹni tí ò mọ nǹkan kan sọ̀rọ̀.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀ o, ẹ sì bá mi kí i pé ó kú ewu.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti dókítà àti físíò, torí mo rí i pé òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín yín. Kò sí èyí tó ń tàn yín nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí dókítà ń wò ni bóyá egungun ń so, X-ray sì ti fi hàn án pé ó ń so, ló bá ní kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí físíò ń wò ni bóyá ẹsẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ẹran ara ẹ̀, oríkèé ẹ̀, àti ọkàn ẹni tó ni ín, ti lè gbé ẹni tó fò sókè tó wá já bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan láàárín èèyàn mẹ́sàn-án tí gbogbo wọn ń du bọ́ọ̀lù kan náà. X-ray ò lè dáhùn ìyẹn láéláé. Torí náà, ẹ gbọ́ ti dókítà lórí bó ṣe lè máa rìn, ẹ gbọ́ ti físíò lórí ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kí ẹ sì ní kí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ibi tí mo ti máa ń rí i tí nǹkan ń dàrú ni ibi tí aláìsàn fúnra ẹ̀ ti ń ru ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni kan lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, tó wá ń yọ èyí tí ò wù ú kúrò lójú ọ̀nà.

Ó wá ku Paul George. Kò burú tó mú un ṣe àwòkọ́ṣe, àmọ́ ìdajì ìtàn ẹ̀ ló mú. Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2014 lọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀ ní Las Vegas, àwọn ọmọ tíìmù Amẹ́ríkà pín ara wọn sí méjì, wọ́n ń gbá a láàárín ara wọn, Paul George sáré tẹ̀ lé James Harden kó lè gbá bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, bó ṣe ń balẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ lọ gbá ìdí òpó tó gbé àwọ̀n dúró, egungun ojúgun méjèèjì dá, ó sì gún awọ yọ síta. Wọn ò parí géèmù yẹn mọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà yẹn. Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2015 ló padà wọ kọ́ọ̀tù fún Indiana Pacers, Miami Heat ni wọ́n bá gbá, ó sì ju póìntì 13. Oṣù mẹ́jọ lóòótọ́, ọmọ yẹn ò parọ́.

Àmọ́ ẹ bá mi bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ni Paul George lò lórí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ náà. Kò ju bíi 15 lọ nínú géèmù oníṣẹ́jú 48. Ẹ tún bi í pé géèmù mélòó ló gbá ní gbogbo sáà yẹn. Mẹ́fà péré ni, nínú 82! Sáà tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 2015-16, ló tó di Paul George tí a mọ̀: géèmù 81, póìntì 23.1 ní géèmù kọ̀ọ̀kan, póìntì 41 nínú All-Star, géèmù tí wọ́n ń ṣa àwọn ìràwọ̀ NBA jọ fún, ní Toronto tó fi jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù kó bá rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà yẹn, ti Wilt Chamberlain, dọ́gba, òun àti tíìmù Amẹ́ríkà tún jọ gba góòlù Olympics ní Rio lọ́dún 2016 náà. Tí a bá fẹ́ kà á bó ṣe yẹ, ọdún kan ó lé ló gbà á. Oṣù mẹ́jọ yẹn, ọjọ́ tó kọ́kọ́ tún wọ jẹ́sì ni. Ẹ má sì gbàgbé pé irú kíláàbù ńlá bẹ́ẹ̀, físíò wà ńlẹ̀, dókítà wà ńlẹ̀, kóòṣì jíìmù wà ńlẹ̀, odò ìwẹ̀ wà ńlẹ̀, ojúmọ́ tó bá sì ti mọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà lọ́rùn ẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ yẹn dáa. Tí àbúrò yín bá ń rí físíò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó wá ń fi tiẹ̀ wé ti ẹni tó ń rí i láàárọ̀ lọ́sàn-án, ó ń fìyà jẹ ara ẹ̀ lásán ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe kàlẹ́ńdà la fi ń dá ẹni padà sórí kọ́ọ̀tù, ohun tí ẹsẹ̀ bá lè ṣe níṣojú wa la fi ń wò ó. Ẹni méjì lè ní irú egungun dídá kan náà, kí dókítà kan náà ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, kí ọ̀kan padà lóṣù kẹjọ kí èkejì padà lóṣù kẹtàlá, kí àwọn méjèèjì sì ti ṣe é dáadáa.

Ẹ fọwọ́ kan iwájú ojúgun yín báyìí. Awọ ni, egungun ló tún kàn, kò sí ẹran gidi kankan láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tó fi tètè máa ń gún awọ yọ, ìdí nìyẹn náà tí ẹ̀jẹ̀ ò fi pọ̀ tó níbẹ̀, pàápàá lápá ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé ojúgun wà lára àwọn egungun tó máa ń pẹ́ so jù. Èyí tó tóbi nínú méjèèjì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara, èyí tó tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kàn ń fọwọ́ kún un ni. Tí èyí tó tóbi yẹn bá dá láàárín, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ń gbà kó tó so gidi, tó bá yọ síta ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí yàtọ̀ sí pé ìdọ̀tí lè wọ ojú ọgbẹ́, awọ àti iṣan tó yẹ kó máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ náà ti ya.

Bó ṣe ń so rè é: ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ máa dì yí ibi tó dá ká, lẹ́yìn ìyẹn ara máa hun nǹkan rírọ̀ kan dí àlàfo yẹn, nǹkan rírọ̀ yẹn á wá le di egungun, àmọ́ egungun tó rí wúruwùru tó wú síta ni, ara á tún máa gbẹ́ ẹ máa tún un ṣe fún oṣù púpọ̀, nígbà míì ọdún, kó tó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí dókítà bá wá ní ó ń so, ibi tó le tó wú yẹn ló ń rí lórí X-ray. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ kò tíì parí o.

Ọ̀pá irin yẹn ńkọ́? Inú mùdùnmúdùn egungun ló wà, wọ́n gba iwájú orúnkún ki í wọlé lọ sísàlẹ̀, wọ́n fi sìkúrúù dè é lókè, wọ́n fi dè é nísàlẹ̀ kó má baà yí. Òun kọ́ ló ń wo egungun sàn. Ẹ wò ó bíi pákó tí bíríkìlà fi gbé kọnkéré ró, kọnkéré ló máa gbé ilé, kì í ṣe pákó. Bí àbúrò yín ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwúwo tó ń dé ibẹ̀ ló ń sọ fún egungun pé kó máa nípọn sí i, ìdí nìyẹn tí dókítà ò fi fẹ́ kó jókòó sójú kan. Àmọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò nígbà tí egungun ò tíì gbà á tán, irin ni gbogbo ìwúwo yẹn máa bọ́ sí lọ́rùn. Irin náà máa ń rẹ̀. Tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra láìjẹ́ pé egungun ń gbé tiẹ̀, sìkúrúù á kọ́kọ́ kán, nígbà míì ọ̀pá fúnra ẹ̀ á kán, ó di pé wọ́n tún ń gbé e padà lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbé egungun tì, torí èmi ò rò pé egungun ni ìṣòro àbúrò yín mọ́ ní oṣù kẹrin. Ẹran ara ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré téèyàn ò bá lo ẹsẹ̀ ni ẹran ẹ̀ ti ń joro. Ẹ mú téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ẹ ní kó jókòó kó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ ka sẹ̀ǹtímítà 10 láti abẹ́ egungun orúnkún sísàlẹ̀, ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀, kí ẹ wá fi téèpù yí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ká níbi àmì yẹn, ẹ ṣe ti òsì, ẹ ṣe ti ọ̀tún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí níbẹ̀ á jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ dákẹ́ ariwo. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí itan náà. Mo máa ń ṣe é fún àwọn tó bá ń bínú sí mi, torí téèpù ò ní ojúsàájú.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó dúró nítòsí ògiri, kó fi ìka méjì kan ògiri kó má baà ṣubú, kò gbọ́dọ̀ fara tì í o. Kó gbé ẹsẹ̀ tó dára sókè, kó dúró lórí èyí tó dá, kó wá gbé gìgísẹ̀ sókè tán pátápátá, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kó tún gbé e. Ẹ máa kà á fún un. Ẹsẹ̀ eléré ìdárayá tó dá ṣáṣá yẹ kó lè ṣe tó 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò kì í ṣe iye tó ṣe nìkan, gìgísẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́: ní ìkínní àti ìkejì á ga, tó bá fi máa di ìkẹrin gìgísẹ̀ ò ní ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún láti fi jí i gbé, ara á máa gbọ̀n, á wá máa fi ògiri yẹn ti ara ẹ̀. Ibi tí gìgísẹ̀ ò ti ga tó ti àkọ́kọ́ mọ́ ni kíkà ti parí, kò kàn mí tó bá ní òun ṣì lè ṣe. Ẹran tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an ló ń ti èèyàn sókè nígbà tó bá ń fò, òun náà ló ń gba èèyàn dúró nígbà tó bá ń balẹ̀. Ẹni tí ò lè ṣe mẹ́wàá níbi ògiri, kí ló fẹ́ fi balẹ̀ láti òkè àwọ̀n?

Tí físíò yín bá mọ iṣẹ́ ẹ̀, mo sì rò pé ó mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń tò ó nìyí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má ti sọ ọ́ síta: kó kọ́kọ́ rìn láìtiro, ìyẹn ṣe pàtàkì ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ torí ẹni tó bá fi ìtiro bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ìtiro yẹn á bá a dé orí kọ́ọ̀tù, ìbàdí àti orúnkún kejì ló sì máa san gbèsè ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn gìgísẹ̀, kó lóṣòó lórí ẹsẹ̀ kan kí orúnkún má ya sínú, kí ọrùn ẹsẹ̀ lè tẹ̀ síwájú bí ti èkejì (ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ọrùn ẹsẹ̀, ó máa ń gan lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí). Tí X-ray bá ti fi hàn pé egungun ti so yí ibi tó dá ká dáadáa, ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa kọ́kọ́ fi fò, sísáré lójú títọ́ á tẹ̀ lé e, ó wá di fífò lórí ẹsẹ̀ kan, ó di yíyà lójijì. Práktíìsì láìfara kan ẹnikẹ́ni ló kàn, lẹ́yìn ẹ̀ práktíìsì gidi pẹ̀lú ìfarakanra, géèmù ló gbẹ̀yìn, géèmù náà á ní iye ìṣẹ́jú tó gbọ́dọ̀ lò. Tí wọ́n bá fẹ́ dán an wò lórí ẹsẹ̀ kan, wọ́n á ní kó fò síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wọn ibi tó balẹ̀ sí, wọ́n á fi wé ti ẹsẹ̀ kejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa físíò ń wá ìdá 90 nínú 100 ó kéré tán. Èmi tún máa ń fetí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó dára máa ń balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, èyí tí kò tíì ṣetán máa ń balẹ̀ gbì, torí ẹran ò rí i gbà, egungun àti oríkèé ló ń gba gbogbo ẹ̀ sára.

Kò wá túmọ̀ sí pé kó jókòó máa wo fídíò títí dìgbà yẹn o. Kó máa lọ jíìmù. Apá, àyà, ẹ̀yìn, ikùn, gbogbo wọn ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́, àti ẹsẹ̀ tó dára pàápàá! Àwọn míì rò pé tí wọ́n bá ń fún ẹsẹ̀ kejì lágbára, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì á máa pọ̀ sí i, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ló ń rán iṣan níṣẹ́, tí ẹsẹ̀ kan bá ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo, lára agbára yẹn máa ń dé ọ̀dọ̀ èkejì tí kò ṣe nǹkan kan, wọ́n ti ṣèwádìí ìyẹn dáadáa. Ó lè jókòó orí àga ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n pẹ̀lú. Tó bá rí odò ìwẹ̀, tí ojú iṣẹ́ abẹ ẹ̀ ti di pátápátá, kó wọ inú omi: omi tó bá dé ìbàdí ń gbé bí ìdajì ìwúwo ara, tó bá dé àyà ó ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kó máa rìn níbẹ̀, kó máa sáré níbẹ̀ tí físíò bá ti gbà, láìjẹ́ pé ojúgun ń gba ìyà.

Nípa ìrora, ẹ kọ́ ọ ní kó máa fún un ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá. Tó bá ń ṣe eré ìdárayá tí ìrora ò ju mẹ́ta lọ, tó sì ti lọ nígbà tó bá jí lọ́jọ́ kejì, kò séwu. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, tàbí tó jí tó ṣì wà ńbẹ̀, ohun tó ṣe lánàá ti pọ̀ jù, kó dín in kù, kì í ṣe kó lo oògùn ìrora kó lè tún un ṣe lọ́la. Ìrora tó tàn káàkiri ẹran ẹ̀yìn ojúgun lẹ́yìn iṣẹ́, ìyẹn ò dà mí láàmú. Èyí tó fi ìka ẹyọ kan tọ́ka sí lórí egungun níbi tó dá gan-an, tó sì ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dípò kó máa dín kù, òun ni kó gbé lọ bá dókítà. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà tí X-ray ò yàtọ̀ sí ti oṣù kẹrin, dókítà fúnra ẹ̀ á ti máa fura pé egungun yẹn ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ àpọ́íńtímẹ́ǹtì. Tí ara ẹ̀ bá gbóná, tí ojú iṣẹ́ abẹ pọ́n tàbí tó ń ṣọyún, ọjọ́ yẹn náà ni kó lọ. Tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá ṣàdédé wú, tó ń dùn ún, tó gbóná lọ́wọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, tí àyà bá wá ń dùn ún mọ́ ọn tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì, ilé ìwòsàn ni.

Oúnjẹ: mo mọ irú wọn, tí wọn ò bá ti gbá bọ́ọ̀lù wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ sanra, wọ́n á gé oúnjẹ kù. Egungun tó ń so ń jẹun o. Kó máa jẹ purotéènì dáadáa ní gbogbo ìgbà tó bá jẹun, kó rí kálísíọ́ọ̀mù jẹ, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wo fítámì D torí ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá inú ilé ni tiwọn ń lọ sílẹ̀. Tó bá ń mu sìgá tàbí tó ń fa vape, kó jáwọ́, nikotíìnì inú wọn ń fún òpójẹ̀ pọ̀, mo sì ti sọ fún yín pé ibẹ̀ yẹn ò ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Nǹkan tí ẹ ò béèrè àmọ́ tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni ẹ̀rù. Ọmọ yẹn ń pariwo pé òun fẹ́ fò báyìí, ẹ dúró kí físíò gbà fún un ná. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ní kó fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan balẹ̀, ẹ máa rí i tó ń wo ilẹ̀, tó ń wo ojúgun ẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ kejì jí i gbé láìmọ̀. Kì í ṣe ojo. Ara ló rántí. Bí a ṣe ń lé e lọ ni ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré tó fi máa fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn kan, kó tún un ṣe títí á fi sú u, kí a wá gbé e ga díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kí a ju bọ́ọ̀lù sí i bó ṣe ń balẹ̀ kí ojú ẹ̀ lè kúrò nílẹ̀. Tó bá yá kí ẹnì kan máa rọra fi èjìká kàn án lókè. Tí ẹ̀rù yẹn bá ń dí i lójú oorun, tàbí tó ń rí i bí ẹsẹ̀ ṣe dá léraléra, kó bá ẹni tó ń tọ́jú ọkàn sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀gá ń ṣe é. Ẹ bá mi sọ fún un pẹ̀lú pé kó yé wo fídíò ìgbà tí ẹsẹ̀ dá, tiẹ̀ àti ti ẹlòmíì.

Tó bá ṣì fẹ́ fi ẹlòmíì ṣe àwòkọ́ṣe, ẹ sọ ti Gordon Hayward fún un. Ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2017, géèmù ẹ̀ àkọ́kọ́ fún Boston Celtics, kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ yẹ̀, egungun ojúgun sì dá. Sáà yẹn parí fún un lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló tó tún gbá, ìyẹn ọdún kan gbáko, síbẹ̀ póìntì 11.5 ló ń jù ní géèmù kọ̀ọ̀kan ní sáà yẹn, ẹni tó ń ju 21.9 ní Utah kí ó tó kó lọ sí Boston. Àwọn èèyàn bú u, wọ́n ní ó ti tán. Sáà tó tẹ̀ lé ìyẹn ó dé 17.5. Julius Randle náà wà ńbẹ̀, géèmù àkọ́kọ́ ẹ̀ nínú NBA fún Lakers ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, egungun ojúgun ọ̀tún ẹ̀ dá, ó jókòó gbogbo sáà, nígbà tó padà ó gbá géèmù 81. Mo fẹ́ràn ti Hayward jù láti sọ fáwọn aláìsàn mi, torí ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé sáà àkọ́kọ́ téèyàn padà, ara ìtọ́jú ló ṣì wà. Kí àbúrò yín bá kíláàbù ẹ̀ sọ ìyẹn kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Oṣù mẹ́jọ wá ńkọ́? Ó lè ṣẹlẹ̀. Tó bá ń rìn láìtiro báyìí, tí gìgísẹ̀ ń lọ sókè, tí X-ray oṣù kẹfà bá dáa, kò yà mí lẹ́nu tó bá ti ń ṣe práktíìsì díẹ̀díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Géèmù gidi, èmi á fi ojú sí oṣù kẹsàn-án sí ìkejìlá, kí n má sì sọ ọjọ́ kankan fún kóòṣì ẹ̀ rárá, torí tí kóòṣì bá ti ní déètì lọ́wọ́, déètì yẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn.

Orúnkún tó ń dùn ún níwájú yẹn, ó wọ́pọ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà ki ọ̀pá wọlé, kò túmọ̀ sí pé ó fẹ́ yọ. Kó má máa kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ líle, kó fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orúnkún, kó máa fún iwájú itan lágbára, ti ọ̀pọ̀ ń dín kù bí oṣù ṣe ń lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn kan ń kù díẹ̀ ńbẹ̀. Kì í ṣe dandan kí wọ́n yọ ọ̀pá yẹn, àwọn tó pọ̀ ló wà lára wọn títí ayé. Tó bá ń dà á láàmú gan-an, wọ́n lè yọ ọ́ nígbà tí egungun bá ti so tán pátápátá, ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń dúró dè. Tó bá jẹ́ pé sìkúrúù ìsàlẹ̀ kan ló ń gún awọ, wọ́n lè yọ ìyẹn nìkan. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé yíyọ ọ́ kì í fìgbà gbogbo mú ìrora lọ, àti pé ihò tí sìkúrúù fi sílẹ̀ máa ń sọ egungun di aláìlágbára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni kọlù nígbà yẹn. Wọ́n yọ irin tí wọ́n fi sí Hayward lára ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìyẹn náà sì gba àkókò lọ́wọ́ ẹ̀. Ìparí sáà ni kó fi í sí tó bá máa ṣe é. Ní báyìí, kó lọ gba ìwé iṣẹ́ abẹ ẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, èyí tí wọ́n kọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀pá náà sí àti bó ṣe nípọn tó, kó yà á ní fọ́tò sínú fóònù, torí ẹni tó máa yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú lè má jẹ́ ẹni tó fi í sí i, tí kò bá sì mọ irú ọ̀pá tó jẹ́, kò ní mọ irinṣẹ́ tó máa fi yọ ọ́.